Ohun tí mo kọ́ nípa wíwá lífìtì jáde kúrò ní Madrid

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú kí ẹ tó nawọ́ sí ọkọ̀ kankan. Òpópónà márosẹ̀ ńlá mẹ́fà ló jáde láti Madrid: A-1 sí Burgos àti ọ̀nà Faransé, A-2 sí Zaragoza àti Barcelona, A-3 sí Valencia, A-4 sí Córdoba àti Sevilla, A-5 sí Badajoz àti ilẹ̀ Potogí, A-6 sí A Coruña. Puerta del Sol ni wọ́n ti ń ka kìlómítà gbogbo wọn.

Ẹ má dúró láàárín ìlú rárá. Ọjà tàbí ilé ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ibẹ̀ ń lọ. Etí òpópónà márosẹ̀ náà kọ́ o: òfin kò gba ẹlẹ́sẹ̀ láàyè níbẹ̀, ó sì léwu. Ilé epo tó wà lẹ́yìn ìlú ni mo fọwọ́ sí. Fún A-1, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé 191 láti Plaza de Castilla ń gbé èèyàn dé Buitrago del Lozoya, bíi kìlómítà 75 sí Madrid. Ẹni tó bá ń bá ìrìn lọ sí àríwá láti ibẹ̀ sábà máa ń lọ jìnnà. Moncloa ni ẹ ti máa wọ bọ́ọ̀sì fún A-6, Avenida de América fún A-2, Conde de Casal fún A-3. Fún A-4, ọkọ̀ ojú irin C-3 dé Aranjuez.

Ohun tó máa ń da ètò yìí rú jù ni kí ilé epo wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ọkọ̀ tó ń padà sí Madrid ló máa kún ibẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ sọdá òpópónà náà. Ẹ yẹ máàpù wò nílé, kí ẹ rí i pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà láti ibùdókọ̀ dé ilé epo náà.

Ẹ jẹ́ kí èèyàn san owó epo tán kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Ìkíni ló ṣáájú, “Buenos días” (ẹ káàárọ̀), lẹ́yìn náà “¿Va hacia Burgos?” (ṣé ọ̀nà Burgos lẹ ń lọ?) Ẹ má wo nọ́ńbà ọkọ̀ láti mọ ibi tó ti wá, láti ọdún 2000 ni nọ́ńbà tuntun kò ti fi ìpínlẹ̀ hàn mọ́. Bí ẹ bá máa lo páálí, orúkọ ìlú ńlá tó kàn ni kí ẹ kọ gàdàgbà, Burgos, kì í ṣe París.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ béèrè ibi tí awakọ̀ ti máa yà. Ẹni tó bá ń lọ sí Aranda de Duero, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó já yín sílẹ̀ ní ilé epo kó tó wọ ìlú. Lórí A-4, Bailén ni ọ̀nà ti pín: A-44 ń lọ sí Granada, A-4 ń bá a lọ sí Córdoba. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ilé epo tó ṣáájú Bailén bí ọ̀nà yín kò bá bá ti awakọ̀ mu.

Omi lítà méjì kò pọ̀ jù ní oṣù kẹjọ. Ẹ mú ẹ̀wù tó ń tàn bí iná bá kàn án dání: bí ilẹ̀ bá ṣú, òfin ní kí awakọ̀ lè rí ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìlú láti mítà 150. Ìwé ìrìnnà àti fóònù, ara yín ni kí wọ́n wà, kì í ṣe nínú búùtù ọkọ̀ olóore.