Àyẹ̀wò ọdún: ọdún tí sẹ́ńtífúújì jáde kúrò níyàrá ẹ̀yìn

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú ìparí ọdún. Ní Abuja níbí, ètè ti bó, eruku sì ti bo fíltà àwọn ẹ̀rọ wa débi pé àwọn náà fẹ́ẹ̀ máa wúkọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé àsìkò yìí ni mo máa ń jókòó ka ohun tí ojú wa rí. Bí mo bá ní kí n kà á lóṣooṣù lọ́dún yìí, irọ́ ni màá pa. Ohun kan ṣoṣo ló gba gbogbo rẹ̀: ní March, a gbé sẹ́ńtífúújì lábù ilé ìwòsàn wa, ẹ̀rọ tó ń yí ìgò ẹ̀jẹ̀ kíákíá kí omi inú rẹ̀ lè yà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, kúrò níyàrá ẹ̀yìn, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé. Àwọn oṣù tó kù, mo rò pé wọ́n wáyé. Owó iná tí a san jẹ́rìí sí i.

Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, kó rọra. Ẹjọ́ tí àwọn dókítà ti ń rò mọ́ wa lẹ́sẹ̀ tipẹ́ ni pé ẹ̀rọ kẹ́místírì wa, èyí tó ń wọn ṣúgà, potassium àti irú wọn nínú ẹ̀jẹ̀, ń falẹ̀. Ọ̀gá Àgbà náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń wá owó ẹ̀rọ tuntun kiri. Ẹ̀rọ ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ìdúró ló ń pa wá. Ohun tí Taiichi Ohno àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toyota fi tún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wọn ṣe ní Japan lẹ́yìn ogun, tí John Krafcik wá sọ ní Lean ní 1988, bó ṣe yé mi sí nìyí: ẹ tẹ̀ lé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ wo ibi tó ti jókòó láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

A ya àwòrán lábù sórí káádíbọ́ọ̀dù, a kan ìṣó kékeré síbi tábìlì, ibi fíríìjì, ibi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. A wá ń fi òwú pupa tọ ẹsẹ̀ ẹni tó gbé ìgò kan láti ojú fèrèsé risẹ́pṣọ̀n títí èsì fi jáde. Àwọn Òyìnbó ń pe irú àwòrán yìí ní spaghetti. Màmá Risẹ́pṣọ̀n wò ó títí, ó ní Indomie ni. Òwú gba ìloro kọjá lọ, ó gba ibẹ̀ padà, ó tún ya iwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí pé ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà ni wọ́n gbé sẹ́ńtífúújì sí nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Ohun tó ń rìn wá lẹ́sẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá kò ju wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ.

Ṣùgbọ́n ìrìn nìkan kọ́. Sẹ́ńtífúújì náà ní ihò 24, àṣà ilé sì ni pé a kì í tan án àfi tó bá kún. Ó jọ ọgbọ́n, torí jẹnẹrétọ̀ ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ìgò kan bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin, ìgò àkọ́kọ́ á ti jókòó fún ìṣẹ́jú 92 kí ìkẹrìnlélógún tó dé. Bí ẹ bá ń yí i ní mẹ́fà mẹ́fà, ìṣẹ́jú 20 ni. Ẹ̀rọ kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà. Ẹ ò tiẹ̀ nílò aago láti mọ bí ìdúró ṣe pọ̀ tó: bí ìgò 30 bá wà lórí ráàkì, tí ẹ ń parí 15 ní wákàtí kan, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa lo wákàtí méjì.

Ẹni tó bá fẹ́ máa yí díẹ̀díẹ̀, kó má gbàgbé ìwọ̀n. Ìgò tó kọjú síra gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà; bó bá ku ẹyọ kan, ẹ bu omi sínú òfìfo ìgò irú rẹ̀ títí ìwọ̀n wọn á fi dọ́gba, kí ẹ fi sí òdìkejì. Bí ẹ̀rọ bá ti ń gbọ̀n, ẹ pa á. Ìṣẹ́jú 10 ní 1,500 g la ń lò. g ni mo wí o, ìyẹn iye ìlọ́po agbára òòfà ilẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń fa ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí apá rotor, orí tó ń yí nínú ẹ̀rọ náà, bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15, yíyí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan á fún yín ní nǹkan bí 1,500 g. Bí apá náà bá jẹ́ 10, yíyí 3,000 kan náà kò ní ju nǹkan bí 1,000 g lọ. Ẹni tó bá kàn ń da nọ́ńbà lábù ẹlòmíràn kọ, á máa rí sírọ́ọ̀mù (omi tó ń yà lára ẹ̀jẹ̀ tó ti dì) tí kò yà dáadáa, á sì máa bú ẹ̀rọ.

Ẹ̀jẹ̀ inú plain bottle, ìgò tí a kò fi èròjà tó ń dènà ìdì sí, gbọ́dọ̀ dì tán kí a tó yí i: ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán, ti ẹni tó ń gba heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kánjú, okùn fibrin, fọ́nrán tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, á dí ẹnu abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, àárọ̀ yẹn á sì di ti àtúnṣe. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ni ìdì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó kan fèrèsé wa. Ìdí nìyẹn tí aago fífà fi gbọ́dọ̀ wà lára ìgò; bí wọ́n bá kọ ọ́, púpọ̀ ti dì kó tó dé, ẹ kàn gbé e sínú ẹ̀rọ ni. Ti ẹmẹ́jẹ́nsì, ìgò lithium heparin onídèérí àwọ̀ ewé la ń lò báyìí: plasma, omi ẹ̀jẹ̀ tí kò dì, la fi ń ṣe é, kò sí ìdì tí à ń dúró dè. Ẹ má kàn fi wọn lithium ẹni tó ń lo oògùn lithium, torí ti inú ìgò lẹ máa kà fún un.

Ìdúró tún ń ba èsì jẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí a kò tíì yí ń dín ní nǹkan bí 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ ẹ́. Fluoride inú ìgò onídèérí eérú máa ń dá wọn lẹ́kun, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí kan sí méjì. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí ẹnìkan gbé plain bottle tí a kò yí sí fíríìjì di ọjọ́ kejì, kó ní òun tọ́jú rẹ̀. Òtútù á mú kí potassium inú sẹ́ẹ̀lì jò síta, sírọ́ọ̀mù á sì mọ́ lóló, kò ní pọ́n bíi ti ẹ̀jẹ̀ tó fọ́. Kò sí ojú tó máa fura. Bí ìgò plain kò bá sì kún, tí ẹnìkan wá da díẹ̀ kún un láti inú ìgò EDTA, èròjà mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, potassium á ga kọjá àlà, calcium á wọlẹ̀. Ẹ bá rí méjèèjì pa pọ̀, ẹ kọ́kọ́ pe wọ́ọ̀dù kí wọ́n fa òmíràn.

Wọ́ọ̀dù náà ní tiwọn. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, aago mẹ́jọ ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, ká tó mí, ráàkì ti kún. Alhaji tó ń gbé e ti ń yípo ní 6:30, 7:15 àti 8 báyìí. Ó kọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ òun kì í ṣe ti Toyota. A ní kí wọ́n máa lẹ nọ́ńbà káàdì mọ́ ìgò lẹ́bàá ibùsùn, torí pé ní ìhín, Ibrahim mẹ́ta lè sùn sí wọ́ọ̀dù kan.

Ìbuwọ́lù ló kù. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá Àgbà ń ka ibí, nítorí náà mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Èsì tó ti jáde láti aago mẹ́sàn-án ń dúró de ọ̀sán kí ẹni kan tó fọwọ́ sí i. Ẹ ti yan igbákejì báyìí, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwa náà má fi àròpín yangàn. Ẹ to èsì ọgọ́rùn-ún láti orí èyí tó yá jù, kí ẹ wo mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn: ibẹ̀ ni aláìsàn tó ń bú wa wà.

Ti ríéjẹ́ǹtì, èròjà inú ìgò tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò, káàdì pupa kan ló yanjú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo ìgò 3 lójúmọ́, tí ọjà ń gba ọjọ́ 14 láti Èkó dé ibí, tí ẹ fi ọjọ́ 5 kún un fún àìròtẹ́lẹ̀, 57 ni. Níbi tó bá ti ku 57, káàdì wà níwájú rẹ̀; ẹni tó bá bá a pàdé ló máa gbé e lọ fún akáùnt. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé ló ń ṣíwájú, kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Àwọn kan ní nítorí dọ́là, ká kó ti ọdún kan pamọ́. Èmi ò sí níbẹ̀. Ìwọ̀n 2 sí 8 °C ni nǹkan yẹn ń gbé, iná ò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn.

Bàbá Onísíláìdì, tó ń ṣe síláìdì ibà ní lábù wa. Ẹ ti gbọ́ pé ó ti fi wá sílẹ̀, mi ò ní tún un rò. Nígbà tí gbogbo wọn ń fi ariwo Lean mi ṣe yẹ̀yẹ́, òun nìkan ni kò dá sí i, torí ó ti ń ṣe é kí n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ kọ bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ kó lọ sára ògiri, ẹnu rẹ̀ la ti gba ti fíìmù ibà, ẹ̀jẹ̀ tí a ń tẹ́ sórí síláìdì láti wá kòkòrò ibà, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan tín-ín-rín. Ó máa ń gbé síláìdì lé ìwé ìròyìn àtijọ́ kan: bí o kò bá rí lẹ́tà kà láti abẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, ó nípọn jù, lọ ṣe òmíràn. Jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Má fi methanol kan èyí tó nípọn, èyí tó tín-ín-rín ló ń gbà á, torí sẹ́ẹ̀lì pupa inú èyí tó nípọn gbọ́dọ̀ fọ́. Aró Giemsa 10% fún ìṣẹ́jú 10 bí dókítà bá ń pariwo, 3% fún ìṣẹ́jú 45 bí kò bá pariwo, omi pH 7.2. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ó jẹ mí lówó súyà lọ. Mo ti forí jì í, àmọ́ kó má rò pé mo ti gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan mìíràn. Àǹtí tó ń ṣe clotting, àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì, ti wà ní Kánádà, ó ń fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́. Toyota ò ní òògùn fún ìyẹn.

Ìtọ̀ ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọn ò bá gbin ín, láti wo kòkòrò tó máa hù nínú rẹ̀, láàárín wákàtí méjì, kòkòrò inú rẹ̀ á ti pọ̀ sí i fúnra wọn, àwa á sì kọ èsì fún àìsàn tí kò sí. Fíríìjì tàbí ìgò tó ní boric acid ló ń gbà á là. Boric acid ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá náà.