Òdòdó tí mo fẹ́ẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Sarajevo

Ẹsẹ̀ ń ro mí o. Láti àárọ̀ kùtù la ti kúrò ní Mostar nínú bọ́ọ̀sì kékeré, a lọ wo Sarajevo, olú ìlú Bosnia, a ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni.

Afinimọ̀nà wa mú wa dé Afárá Latin, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa Franz Ferdinand, àrẹ̀mọ ilẹ̀ Austria-Hungary, àti ìyàwó rẹ̀ lọ́dún 1914. Afárá kékeré báyìí! Mo rò pé ó máa tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, mo ń ya fọ́tò lọ ní tèmi, ni afinimọ̀nà náà bá fà mí lápá: "Ẹ rọra, ẹ má tẹ̀ ẹ́." Mo wolẹ̀. Kòtò wẹ́wẹ́ ni, ó fọ́n ká bí òdòdó, wọ́n sì fi nǹkan pupa dí i. Ibi tí àdó olóró ti pa èèyàn nìyẹn, nígbà tí wọ́n dó ti ìlú náà láti 1992 sí 1996. Òdòdó Sarajevo ni wọ́n ń pè é. Ó ní ọmọdé lòun nígbà náà, omi ni wọ́n máa ń rán òun. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa náà ò bi í.

Kọfí tí a mu ní Baščaršija, ọjà àtijọ́ ìlú náà, lẹ́yìn náà korò bí ewúro. Mo mu méjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé ẹ rí òdòdó yẹn, àbí ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá?