Ọjọ́rú: "Ṣé èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ti délé láti nǹkan bí agogo méje, mo ti jẹun, iná sì wà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń dún létí mi. Màmá Àkáǹtì ni wọ́n sọ ọ́ láàárọ̀, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Fóònù wọn ni wọ́n ń wò. Wọ́n gbé awò ojú wọn sókè díẹ̀, wọ́n ka ohun tí ó wà níbẹ̀, wọ́n tún un kà, wọ́n wá bi ara wọn léèrè pé, "Ṣé èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀?" Ohùn wọn kò le rárá. Ìbá sàn fún mi ká ní wọ́n bínú.

Àkọsílẹ̀ ìpàdé àná ni wọ́n ń kà. Èmi ni mo fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Olùrànlọ́wọ́ AI tí ó wà nínú ètò tí a fi ń ṣe ìpàdé ni ó kọ ọ́, kò sì gbà á tó ìṣẹ́jú kan. Mo wo òkè rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi í ránṣẹ́. Ohun tí ó wà láàárín ni pé Màmá ti gbà láti kó gbogbo àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà sílẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí a lè gbé e sínú ètò tuntun. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi fèsì, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, gbogbo ẹ̀ka sì rí i.

Ohun tí Màmá sọ ní ìpàdé ni pé kò sí wàhálà, a ó rí sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Màmá, Yorùbá ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àgbàlagbà bá sọ pé "a ó rí sí i" fún ọ̀gá tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, níwájú ènìyàn mọ́kànlá, tí ó sì kọ́kọ́ dákẹ́, tí ó mí kanlẹ̀, tí ó bọ́ awò ojú lé orí tábìlì, tí ó ní "hùn-ún" kí ó tó la ẹnu, kò sí ọmọ tí a tọ́ nílé tí yóò pe ìyẹn ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń sọ pé kò ṣeé ṣe ni, wọ́n sì ń sọ ọ́ lọ́nà tí ojú kò fi ní ti ọ̀gá. Gbogbo wa gbọ́. Mo rò pé ọ̀gá pàápàá gbọ́, kí àkọsílẹ̀ tó dé tí ó fún wọn ní ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Láti ọ̀sán ni mo ti ń gbìyànjú láti mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, bóyá ara mi yóò balẹ̀ bí mo bá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ náà kò jókòó sí ìpàdé bí a ṣe jókòó. Apá kan nínú rẹ̀ ń gbọ́ ohùn, ó sì ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kíkọ. Gbogbo ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ìdákẹ́, ìmí, awò ojú tí a gbé lé tábìlì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kíkọ yìí yóò dé ọ̀dọ̀ apá kejì, èyí tí wọ́n ti fi ìwé tí kò lóǹkà kọ́ láti mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀, tí ó sì ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe jọ pé ó yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ní òun yóò rí sí nǹkan ti gba iṣẹ́ náà. Èmi náà sì dá kún un, nítorí ohun tí mo ní kí ó kọ ni iṣẹ́ tí ó kù, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá, "a ó rí sí i" wà nínú ọ̀rọ̀ Màmá. Ó so méjèèjì pọ̀. Mo wá irọ́ nínú rẹ̀, n kò rí ẹyọ kan tí mo lè tọ́ka sí, ìyẹn gan-an ni ó sì ń dùn mí.

"Ṣé èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Bẹ́ẹ̀ kọ́, Mà.

Mo rántí àwòrán irin ìdìwé olójú méjì tí ó máa ń yọ jáde nínú Microsoft Office 97, níbi tí mo ti kọ́ títẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Bí ènìyàn bá ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, yóò ní ó jọ pé lẹ́tà ni o ń kọ, ṣé kí òun ràn ọ́ lọ́wọ́. Ó máa ń dí ènìyàn lọ́wọ́, àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò nígbà tí ẹ̀dà ti 2007 fi jáde. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni Microsoft kéde Copilot, olùrànlọ́wọ́ AI tiwọn, fún Word, Excel, Outlook àti Teams, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ní dọ́là 30 lórí ènìyàn kan lóṣooṣù. Google náà ní tirẹ̀, Duet AI, tí ó di Gemini ní 2024. Èyí tí àwa ń lò, n kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tí ó ṣe é tó bí ó ṣe kan èmi tí mo fi í ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n irin ìdìwé yẹn kò gbé ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí. Béèrè ni ó ń béèrè. Òótọ́ ni pé wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ ti ìsinsìnyí pé àṣìṣe lè wà níbẹ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti rí gbólóhùn yẹn títí ojú mi kò fi rí i mọ́.

Síbẹ̀, n kò lè sọ pé kí wọ́n gbé e lọ. Kí ó tó dé, àkọsílẹ̀ ìpàdé kan máa ń gba gbogbo ọ̀sán mi, ọmọ mi a sì ti sùn kí n tó wọlé. Àti pé lónìí gan-an, lẹ́yìn òjò, mo bi í léèrè ohun tí Màmá ti kọ rí nípa àkọsílẹ̀ gbèsè. Inú lẹ́tà àti ìwé tí èmi ní àṣẹ láti ṣí ni ó máa ń wá a sí, kì í kọjá ibẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi gbé lẹ́tà kan jáde láti ọdún méjì sẹ́yìn, níbi tí Màmá ti fi sùúrù ṣàlàyé pé àkọsílẹ̀ ẹ̀ka méjì kò bá ara wọn mu, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé wọn kúrò títí a ó fi jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan náà ni ó mọ ibi tí lẹ́tà yẹn wà. Lánàá kò wò ó, nítorí ọ̀rọ̀ ìpàdé nìkan ni mo gbé fún un. Mo fẹ́ bínú sí i, ìbínú náà kò rí ibi jókòó.

Ohun tí ó wá ń bà mí lẹ́rù ni ọdún tí ń bọ̀. Àkọsílẹ̀ àná ti wọ inú àwọn ìwé ilé iṣẹ́. Ẹni tuntun tí kò mọ Màmá rí yóò bi ẹ̀rọ léèrè bí ọ̀rọ̀ gbèsè ṣe jẹ́, ẹ̀rọ yóò sì fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ ṣe ẹ̀rí pé Màmá gbà, ó sì ní ọjọ́. Ta ni yóò ka "hùn-ún" fún un nígbà náà?

Nígbà tí mo ń lọ ní agogo mẹ́fà, Màmá ṣì wà lórí ìjókòó pẹ̀lú fáìlì mẹ́rin níwájú wọn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà." Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Rọra lọ, ọ̀nà ń yọ̀." Wọn kò béèrè ẹni tí ó fi nǹkan náà ránṣẹ́. Orúkọ mi wà lórí rẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àtúnṣe lálẹ́ yìí. Mo kọ ọ́ pé Màmá ní a ó rí sí i, àti pé ohun tí gbogbo wa gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kò lè ṣeé ṣe ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ náà ní òun lè bá mi gé e kúrú, mo sì jẹ́ kí ó dán an wò: ó kọ ọ́ pé Màmá ń tọrọ àfikún àkókò. Wọn kò tọrọ nǹkan kan. Mo pa á rẹ́. Mo padà sí tèmi, mo kà á, mo tún un kà bí Màmá ṣe tún ti wọn kà láàárọ̀, mo sì rí i pé "ohun tí gbogbo wa gbọ́" tí mo kọ síbẹ̀, n kò bi wọ́n léèrè kí n tó kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n. Láti àná, gbogbo wa ni a ti ń sọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, ọ̀gá, ẹ̀rọ, àti èmi...

Lẹ́tà náà ṣì wà níbẹ̀, n kò fi í ránṣẹ́. Màmá máa ń dé kí agogo mẹ́jọ tó lù. Màá gbìyànjú láti ṣáájú wọn dé.