Orin tó kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́.

Ọ̀fun mi ti gbẹ, ohùn mi sì ti há díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwa mẹ́rin láti ibi iṣẹ́ la jọ lọ kọ káráókè, ìyẹn orin tí a ń kọ tẹ̀lé ohùn ẹ̀rọ, ní àdúgbò Tenjin, níbí ní ìlú Fukuoka ní Japan. Orin tó ga ni gbogbo wa mú, àfi bíi pé a ti bá ara wa ṣàdéhùn. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rí nínú àwọn orin náà sílẹ̀ kí n tó sùn, nítorí ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn ti wà lọ́kàn mi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi tí orin bá ga sí jù lọ ni ìṣòro rẹ̀ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́nọ̀, ohùn òkè ti ọkùnrin, ni mo ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, nóòtì gíga kì í ṣe àjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n nínú orin tiwa, a óò gun òkè, a óò fi gbogbo ẹ̀mí wa kọ ọ́ níbẹ̀, a óò sì sọ̀ kalẹ̀ wá mí. Àwọn orin Japan tí mo ń sọ yìí kì í sọ̀ kalẹ̀. Bí ègbè bá ti dé òkè, òkè ló máa wà títí tí yóò fi parí.

Ẹ gbọ́ "Pretender", orin tí ẹgbẹ́ Official HIGE DANdism gbé jáde ní 2019. Satoshi Fujihara ló ń kọ ọ́, òun náà ló ń tẹ dùùrù. Òṣìṣẹ́ báńkì ni kó tó gbájú mọ́ orin pátápátá. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ pé olólùfẹ́ òun kì í ṣe ìpín òun ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ rẹ̀ ń lọ níbi tí ohùn ọkùnrin ti máa ń balẹ̀. Ìgbà tí ègbè dé, ó fi ọ̀rọ̀ ìdágbére fò sókè, ó sì kọ̀, kò fẹ́ wálẹ̀ mọ́. Bí Fujihara bá ń kọ ọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ẹ mú máìkì kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: ègbè àkọ́kọ́ á ṣeé ṣe, ìkejì á bẹ̀rẹ̀ sí í ni yín lára, nígbà tó bá fi máa di ti ìgbẹ̀yìn, ọrùn á ti le gbagidi.

Iṣẹ́ tó ń lọ nínú ọ̀fun ló fà á. Tán-án-ná, awẹ́ ẹran ara méjì tó wà nínú ọ̀fun wa, ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Bí a bá fẹ́ kí ohùn ga, iṣan kan á nà án, á gùn, á fẹ́lẹ́, á sì máa gbọ̀n kíákíá. Nóòtì A tí àwọn tó ń ta fayolíìnì fi máa ń tún okùn wọn ṣe, ìgbà 440 ni tán-án-ná gbọ́dọ̀ gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kí a tó lè kọ ọ́, ègbè "Pretender" sì ń ré kọjá rẹ̀. Àwọn ará Japan ń pe ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ ní jigoe, wọ́n ń pe ohùn tín-ín-rín tó wà lókè rẹ̀ ní uragoe. Láàárín méjèèjì ni ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti máa ń já. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn orin wọ̀nyí fẹ́ràn láti dúró sí.

Mo ti fi ohùn mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní Abẹ́òkúta. Ó ní, "Àbúrò mi, ọrùn lo fi ń kọ ọ́. Ikùn ni kó o fi gbé e, kó o sì jẹ́ kí àgbọ̀n rẹ rọ̀." Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n 'i' àti 'u' ló pọ̀ níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Fáwẹ̀lì ló máa ń parí sílébù èdè Japan bíi tiwa, èyí sì ń ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì àhánupè ni "i" àti "u", ohùn òkè sì ń fẹ́ ẹnu tó ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣí "i" náà díẹ̀ kó sún mọ́ "e". Ìmọ̀ràn yẹn ṣiṣẹ́ lálẹ́ yìí.

Nínú ọkọ̀ ojú irin ni èrò kan ti wá sí mi lọ́kàn: ó máa nira gan-an láti kọ irú ègbè yìí ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Orin tó bá ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtumọ̀ á dàrú. Ẹ rántí àwọn orin ìyìn àtijọ́ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin àwọn òyìnbó, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di nǹkan mìíràn lẹ́nu wa. Èdè Japan náà ní gíga àti rírẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Kosaku Yamada tẹ̀lé e tọkàntọkàn nígbà tó ṣe ohùn orin àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní "Akatombo" ní 1927. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe orin lónìí kò fi ṣe òfin. Ohùn lè gòkè kó sì dúró síbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á ṣì lóye. Mo gbà pé ìdí kan nìyẹn tí orin wọn fi ń pẹ́ lókè tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá àgbà inú wa, tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, ló mú "Daitokai" ("ìlú ńlá") ti ẹgbẹ́ Crystal King, orin 1979. Kyushu níbí, erékùṣù tí Fukuoka wà, ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Fukuoka sì fẹ́ràn láti máa sọ pé ìlú àwọn ni ìlú ńlá inú orin náà, pé kì í ṣe Tokyo. Olórin méjì ló wà níbẹ̀, ohùn ọ̀kan jinlẹ̀, ti ìkejì, Masayuki Tanaka, ga bí igbe idì. Ohùn òkè yẹn ló ṣí orin, kò sí ẹsẹ kankan tí yóò kọ́kọ́ gbé yín dé ibẹ̀. Ní 1989, bọ́ọ̀lù béísíbọ́ọ̀lù gbá Tanaka ní ọ̀fun, ohùn òkè náà kò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ọ̀gá kọ ọ́ lórí ìdúró, ó di ojú, ohùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ fún un látọkàn wá.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wa kọ "Hakujitsu" ti ẹgbẹ́ King Gnu, 2019 náà ló jáde. Satoru Iguchi, tó kọ́ṣẹ́ orin kíkọ ní Tokyo University of the Arts, fi uragoe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Daiki Tsuneta wá ń gba ibi tó rẹlẹ̀. Ibi tó ń pa ọkùnrin lára rọ obìnrin náà lọ́rùn. Ìgbà tó dé ibi ti Tsuneta, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. Ogójì ọdún ló wà láàárín orin méjèèjì, síbẹ̀ ìṣòro kan náà ni wọ́n gbé kalẹ̀: ohùn ènìyàn méjì ni wọ́n ṣe é fún, ẹnì kan ṣoṣo ló wá mú máìkì. A ti sọ pé èmi àti ẹ̀ la óò jọ pín in.

Ti àwọn ọ̀dọ́ tún wá le sí i nítorí ẹ̀rọ. Ní oṣù kẹjọ 2007, ilé iṣẹ́ Crypton Future Media ní Sapporo gbé Hatsune Miku jáde, ohùn inú kọ̀ǹpútà tí kì í mí, tí àárẹ̀ kì í mú. Àwọn ọmọdé gbọ́ ọ, wọ́n sì fi ọ̀fun ara wọn kọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ. Àárín wọn ni olórin obìnrin kan tó ń jẹ́ Ado ti jáde. Ó ku ọjọ́ kan kó pé ọmọ ọdún 18 nígbà tí "Usseewa" jáde ní 2020. Ayase, tó ń ṣe orin fún ẹgbẹ́ YOASOBI, ti ibẹ̀ wá bákan náà.

Ẹnì kan nínú wa ní ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì láti rẹ orin sílẹ̀ kò kọ orin náà. Mi ò gbà. Daisuke Inoue, olórin ilé ọtí ní Kobe tó ṣe ẹ̀rọ káráókè ní 1971, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gba orin sílẹ̀ sórí téèpù fún oníbàárà rẹ̀ kan tó ń lọ ìrìn àjò, ibi tí ohùn ọkùnrin náà mọ ló sì gbé orin sí fún un. Nítorí náà, "Pretender", màá tẹ bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta láìtijú, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ dáadáa. "Daitokai" ní tirẹ̀ kò ní kúrò níbi tí Tanaka gbé e sí. Bí n ò bá dé ibẹ̀, màá jókòó gbọ́ ẹni tó lè dé ibẹ̀.