Àga Ìyá Àgbà

Ọjọ́bọ̀, Ẹ̀pẹ́

Ìyàwó tí mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ pósì o. Candid ni kí ẹ yà fún wa látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí a bá ṣe wà gan-an. Ẹ má tò wá bí ọmọ iléèwé." Mo ní mo ti gbọ́, màá pè é padà lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò burú. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àwọn àna, tí alága ìjókòó ní kò tíì tó, tí ọ̀kan nínú wọn ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ta ló máa ní kí wọ́n tún un ṣe nítorí kámẹ́rà? Bí ìyàwó bá sì kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ súre fún un, n kì í sún mọ́ wọn rárá. Ẹ̀yìn òpó kánópì ni mo máa ń wà pẹ̀lú lẹ́ńsì 85 tó ń jẹ́ kí n lè yà wọ́n láti òkèèrè, tí ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lórí gèlè ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè pósì ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kan tí mo yà níbí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ò kúrò lọ́kàn mi. Ohun kan náà ni wọ́n ní kí n ṣe, mo sì ṣe é. Fọ́tò tí mo kó fún wọn lé ní 600. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó yẹn pè mí. Ìyá àgbà wọn, tó fi ẹja títà ní Ọjà Olúwo tọ́ gbogbo ilé, ti lọ. Wọ́n ń wá fọ́tò tí wọ́n máa fi ṣe pósítà ìsìnkú.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà di òru. Mo rí ẹ̀yìn gèlè màmá. Mo rí ọwọ́ wọn tó ń lẹ náírà mọ́ ìyàwó níwájú orí. Mo rí ìdajì ojú wọn lẹ́yìn èjìká ẹnìkan. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n kọjú sí mi. Ọmọ náà ò bínú, ó kàn dákẹ́ lórí fóònù. Fọ́tò káàdì ìdìbò ni wọ́n padà sọ di ńlá.

Ẹ wo fọ́tò dúdú-funfun tó wà lára ògiri pálọ̀ àwọn àgbà wa: ojú síwájú, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, aṣọ bò ó dé kókósẹ̀. Lóòótọ́, kámẹ́rà àtijọ́ máa ń pẹ́ kó tó gba ìmọ́lẹ̀ tó, ẹni tó bá mira á di bàìbàì. Kámẹ́rà kékeré Leica tó jáde ní 1925 wà lára àwọn tó jẹ́ kí èèyàn lè máa gbé kámẹ́rà kiri láàárín èrò. Ṣùgbọ́n tiwa kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, lójú tèmi. Bí ọba ṣe ń jókòó gbàlejò nìyẹn. Ẹni tó jókòó bẹ́ẹ̀ ló fúnra rẹ̀ yan bí a ó ṣe máa rántí òun.

Mo pe ìyàwó padà lálẹ́. Mo ní màá ṣe candid tó fẹ́, ogún ìṣẹ́jú péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí oòrùn tó mú, kí eléré tó dé. Ó ní ta la máa kọ́kọ́ yà. Mo ní ta ló dàgbà jù nínú ilé.

"Ìyá Àgbà ni. Wọn ò lè dúró pẹ́ o."

Mo ní wọn ò ní dúró. Mo ti nu àga onígi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ti gbé e sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò.