Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí CDA: fún ẹ̀yin àbúrò tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àbúrò mi, òǹkà ni gbogbo yín kọ́kọ́ máa ń bi mí, ẹ jẹ́ ká yára mú un kúrò nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ wákàtí 120 ni CDA (Child Development Associate, ìwé ẹ̀rí àwọn olùtọ́jú ọmọdé) ń béèrè. Ẹ̀kọ́ náà pín sí ẹ̀ka mẹ́jọ, kò sì sí èyí tí wákàtí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín ní 10. Ẹ ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ fún wákàtí 480. Ẹ ó kó àwọn iṣẹ́ yín jọ sínú fáìlì, àwọn òbí á kọ èrò wọn nípa yín sílẹ̀, àlejò kan á wá yẹ̀ yín wò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó sì ṣe ìdánwò ìbéèrè 65 lórí kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò kí ẹ tó tún un gbà. Council for Professional Recognition ní Washington ló ń fún ni báyìí, ṣùgbọ́n láti 1975 ni àwọn olùtọ́jú ọmọ ti ń gbà á.

Ẹni tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ á parí gbogbo ìyẹn. Ibi tí mo ti rí àwọn èèyàn wa tó ń kọsẹ̀ ni wíwo ọmọ àti kíkọ ohun tí a rí. A ti pọn àbúrò, a ti gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n, àwọn mìíràn nínú wa ti bí tiwọn. A gbà pé a mọ ọmọ. A sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ní ká kọ ohun tí ọmọ ṣe, ìdájọ́ ni ọwọ́ wa máa ń kọ.

Ẹnìkan nínú kíláàsì wa kọ ọ́ nípa ọmọ ọlọ́dún méjì kan pé: “Oníjàgídíjàgan ni. Kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan nǹkan.” Tíṣà wa dá ìwé náà padà. Ó ní kó lọ jókòó ti ọmọ náà pẹ̀lú bíírò, kó kọ kìkì ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Èyí tó mú wá lẹ́yìn náà nìyí: “Ó gba mọ́tò pupa lọ́wọ́ ọmọ kejì. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó dúró, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ó fi mọ́tò pupa pamọ́ sẹ́yìn, ó rìn lọ sídìí àpótí, ó mú mọ́tò aláwọ̀ ewé, ó gbé e lé e lọ́wọ́.”

Ọmọ kan náà ni o. Kí ni tíṣà fẹ́ fi “oníjàgídíjàgan” ṣe? Àmọ́ tó bá ti rí i pé ọmọ yìí gbọ́ ẹkún ẹnì kejì, tó sì ń wá bí yóò ṣe rẹ ẹ́ lẹ́kún, ó ti mọ ohun tó kàn: kó gbé mọ́tò pupa méjì sílẹ̀, kó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé “ó kàn mí.” Èyí ni wọ́n ń wá nínú fáìlì yín, nínú ìdánwò, àti lẹ́nu yín lọ́jọ́ tí àlejò bá dé.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ní bá bí wọ́n ṣe tọ́ wa mu. Níbi iṣẹ́ yìí, tíṣà ló ń kúnlẹ̀ fún ọmọ: ẹ ó kúnlẹ̀ títí ojú yín á fi bá tirẹ̀ dọ́gba kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀, ọmọ tó bá sì ń wò yín lójú kò ṣàfojúdi. (Màmá mi rí i lórí fídíò, wọ́n ní ayé ti bàjẹ́.) Ọ̀rọ̀ oorun kò sì gba àríyànjiyàn rárá. Ẹ̀yìn ni ìkókó ń fi lélẹ̀ sùn, òun nìkan nínú ibùsùn tirẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ ìbora. Ẹ má sọ fún wọn pé ìdojúbolẹ̀ ni ìyá yín ń tẹ́ yín sùn tí ẹ fi dàgbà. Ní 1992 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ní ká jáwọ́ nínú ìyẹn, ní 1994 wọ́n polongo rẹ̀ káàkiri, iye ìkókó tó ń ṣàdédé kú lójú oorun sì dín kù tó bí ìdajì láàárín ọdún mẹ́wàá.

Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú fáìlì náà: oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, ìwé ọmọdé mẹ́wàá, fọ́ọ̀mù ìjàǹbá, eré ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má lọ da ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ. Bojúbojú wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin tó ń ṣe é ń kọ́ sùúrù, ó ń tẹ́tí, ó ń dáhùn orin. Ẹ kọ ọjọ́ orí tó bá mu àti ìdí tó fi bá a mu. Mo mọ ẹni tó fi í sínú tirẹ̀, òun sì ni àlejò náà bá a sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Àlejò yẹn á yẹ fáìlì wò, á wò yín lẹ́nu iṣẹ́ fún bíi wákàtí méjì, ẹ ó wá jọ jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ fọwọ́ lẹ́yìn ìlédìí kọ̀ọ̀kan, kí fóònù sì wà nínú báàgì.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ mọ ọjọ́ orí tí ẹ ń tọ́jú: ti ìkókó yàtọ̀, ti ọlọ́dún mẹ́ta sí márùn-ún yàtọ̀, ibi tí wákàtí 480 yín bá sì ti wá ni kí ẹ mú. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun nìkan á dá yín lẹ́kọ̀ọ́ nílé òun. Wọn kì í ka ẹ̀kọ́ olùdámọ̀ràn aládàáni mọ́ wákàtí 120 náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ka ti àpérò. Ní ti owó, ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó béèrè ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ T.E.A.C.H., tó wà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹni tó bá gbà á dúró síbi iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà kan, nítorí náà ẹ ka àdéhùn náà tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i.