Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe àwọn ará Dẹ́nmáàkì ní ojo, ẹ gbọ́ tèmi

Ẹ̀yin àbúrò mi, iṣẹ́ mẹ́ta lẹ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ojo làwọn ará Dẹ́nmáàkì nínú saga, ìyẹn àwọn ìwé ìtàn àtijọ́ àwọn ará Áísílándì, inú mi bà jẹ́ gan-an torí kòtò tí èmi náà jìn sí nìyẹn. Ẹ̀kọ́ kìíní, ẹ mọ ẹni tó ń pìtàn. Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ ṣírò ọdún. Ẹ̀kọ́ kẹta... ẹ jẹ́ n kúkú sọ ohun tójú mi rí ná.

Pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí ogun Svolder lọ́dún 1000, níbi tí Svein ọba Dẹ́nmáàkì, ọba Swídìn àti Eirik, ìjòyè ará Nọ́wè, ti lúgọ de Olaf Tryggvason, ọba Nọ́wè, lójú omi. Snorri Sturluson kọ ọ́ sínú Heimskringla, ìwé ìtàn àwọn ọba Nọ́wè, pé Olaf dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń béèrè ta ló ni àwọn àsíá yẹn, wọ́n ní ti Dẹ́nmáàkì ni, ó ní òun ò bẹ̀rù àwọn ojo yẹn, kò sí ìgboyà nínú wọn. Ó ní káwọn ará Swídìn jókòó sílé kí wọ́n máa lá abọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹbọ wọn. Ìgbà tó wá kan Eirik, ó ní ìjà gidi ń bẹ níbẹ̀ yẹn, torí ará Nọ́wè bíi tiwa ni wọ́n. Mo gbé e mì bẹ́ẹ̀, mo fi kọ odindi 40 ojú ìwé.

Olùkọ́ mi dá mi dúró níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní, "Ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn tó gbọ́ ọ, tó wá sọ fún ẹ?" Ó ní nǹkan bí 1230 ni Snorri kọ̀wé, 230 ọdún lẹ́yìn ogun. Ó fi báírò pupa fa ìlà gbọọrọ kan láti òkè délẹ̀ lójú ìwé àkọ́kọ́, ó tì í padà sí mi. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, ó yẹ kó pè mí sọ́fíìsì kó sọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ló sọ.

Mo padà sídìí ìwé. Ọmọ Áísílándì ni Snorri, láàárín 1218 sí 1220, ọ̀dọ̀ ọba Nọ́wè àti Skuli, ìjòyè ńlá níbẹ̀, ló ti ń jẹ tó ń mu. Nínú ìwé kan náà ló ti sọ pé ọkọ̀ àwọn ará Áísílándì fọ́ sí Dẹ́nmáàkì, ìríjú ọba Harald Gormsson kó ẹrù wọn lọ, làwọn ará Áísílándì bá pinnu pé iye imú tó wà nílùú àwọn, ìyẹn iye èèyàn, ni iye orin èébú táwọn máa kọ fún ọba yẹn. Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ ẹrù ni o! Harald yìí kan náà ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta ńlá ní Jelling ní Dẹ́nmáàkì pé òun lòun gba gbogbo Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè, òun lòun sọ àwọn ará Dẹ́nmáàkì di Kristẹni. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni Knýtlinga saga, ìtàn àwọn ọba Dẹ́nmáàkì. Níbẹ̀, jagunjagun gidi ni wọ́n, ẹni mímọ́ sì ni Knut, ọba wọn tí wọ́n pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Odense lọ́dún 1086. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé Olaf Thordarson ló kọ ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n Snorri, tó ti gbé láàfin ọba Valdemar Kejì ní Dẹ́nmáàkì. Ilé kan náà! Bàbá kékeré jẹun ní Nọ́wè, ọmọ jẹun ní Dẹ́nmáàkì, ẹ wo bí ìtàn ṣe yí.

Mo ti dá iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún yín, mi ò fi báírò pupa kàn án. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti kọ "ojo", ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọdún tó kọ ọ́, àti ọba tó ń bọ́ ọ. Mo ń retí ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.